Ẹsẹ̀ Ni Kí Ẹ Bi, Ẹ Má Bi Ọlọ́jà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú títì dé, tí òógùn ṣì ń kán lára yín, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ fìdí lé àga, ẹ mu omi díẹ̀, ká jọ sọ ọ́.

Bí ènìyàn bá jáde ní ìdájí Sátidé ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò rí wọn ní àyíká pápá ìṣeré Súrùlérè, ní Ìkòyí, ní ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka. Ẹnìkan ń sáré nítorí pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Ìyá ọmọ kan fẹ́ kí ikùn wálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń múra sílẹ̀ fún Marathon Èkó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, tó jẹ́ kìlómítà 42 àti díẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Bàtà wo ni kí n rà?" Tó bá di oṣù kan sí méjì lẹ́yìn náà, ìbéèrè kejì á dé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí orúnkún ń dùn mí?" Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní ti bọ́ lọ́wọ́ ìkejì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí mi ò sì fi gbà ni ọ̀rọ̀ mi òní.

Ẹ jẹ́ ká ti ìlú Róòmù bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ọmọ ogun kan láti Etiópíà, Abebe Bikila, sá Marathon Òlíńpíìkì láìwọ bàtà. Bàtà tó wà nílẹ̀ fún un kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló bá pa á tì. Ó fi ẹsẹ̀ lásán gba orí òkúta àti ọ̀dà Róòmù kọjá, ó sì gba wúrà ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tíì sá Marathon yára tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí kò gba ti bàtà ti fi Bikila ṣe ẹlẹ́rìí. Wọn kì í sábà sọ ìyókù ìtàn náà. Ní Tókíò, ọdún 1964, Bikila wọ bàtà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sí i, ó tún gba wúrà, ó sì fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta yára ju ti Róòmù lọ. Bẹ́ẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún un. Bí ẹ bá ní ẹsẹ̀ lásán ló fún un ní wúrà, ta ló fún un ní ti Tókíò? Bí ẹ bá ní bàtà ni, ti Róòmù ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ti ń gun òkè tó ń sọ̀ òkè láti kékeré ló gbé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì bọ́ bàtà dànù. Nígbà tí àṣà ẹsẹ̀ lásán gbòde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 2009 sí 2014, iléeṣẹ́ Vibram ń ta bàtà pẹlẹbẹ kan tó ní ìka márùn-ún bí ìbọ̀wọ́. Àwọn oníbàárà pè é lẹ́jọ́ pé ó ń fi ìlera polówó láìsí ẹ̀rí tó tó, nígbà tó sì di 2014, ó gbà láti san mílíọ̀nù 3.75 dọ́là kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ẹsẹ̀ lásán kọ́ ni mo ń bá jà o. Ẹsẹ̀ tó ti gbé inú bàtà fún ogójì ọdún ni mi ò fẹ́ kí ẹ bọ́ sórí ọ̀dà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wù, kó máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí koríko pápá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ó dáa, àwọn tó ń ta bàtà ńkọ́? Àwọn náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí ẹ wo àmì tó bá yọ. Bí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá hàn, ẹsẹ̀ yín pẹlẹbẹ, ẹ ra bàtà tó le lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú kó lè gbé e ró. Bí àárín bá ṣófo, ẹsẹ̀ yín ga, ẹ ra èyí tó rọ̀ bí bùrẹ́dì. Bó bá wà láàárín, pẹpẹ kẹta ni tiyín. Ẹ̀kọ́ náà dùn létí, ó sì jọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kódà àwọn ológun orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi ń pín bàtà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn ológun yìí ní kí wọ́n dán an wò. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Joseph Knapik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní bàtà tó bá àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, wọ́n sì fún apá kejì ní irú bàtà kan náà láìwo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe é láàárín àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, wọ́n ṣe é láàárín àwọn ọmọ ogun òfúrufú, wọ́n sì tún ṣe é láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Marines. Ní 2009 àti 2010 tí èsì jáde, ibì kan náà ló já sí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí wọ́n yan bàtà fún kò fara pa dín ju àwọn tí wọn ò yan bàtà fún lọ lọ́nà kan tó ṣe é rí mú dání.

Kí ló wá kù tí ènìyàn lè fi yan bàtà? Benno Nigg, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa bí ara ṣe ń rìn ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, dábàá ohun kan ní 2015 tí ìyá àgbà tí kò rí inú yunifásítì rí náà ìbá sọ: kí kálukú mú èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fẹ́ máa gbà rìn. Bàtà tó bá ń yí i kúrò ní ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ á bá a jà, ìnira lẹ ó sì fi mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Bó ṣe wà nìyí o. Ìmọ̀ràn yìí kò lè ta bàtà olówó gọbọi, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àpẹẹrẹ wà nílé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fò lórí igi mẹ́wàá ní mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Àríwísí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé bàtà tó wọ̀, ti eré ọ̀nà jíjìn ni, kì í ṣe ti eré kúkúrú. Èsì tó fọ̀ ni pé ẹsẹ̀ dun òun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun sì bẹ àwọn tó ń ṣe bàtà fún òun pé kí wọ́n fún òun ní èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bi.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sọ́jà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bó sì ṣe máa ń wú náà nìyẹn bí ẹ bá ti sáré fún wákàtí kan. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa fi sáré dání. Ẹ dìde dúró kí ẹ tó wọn bàtà wò, ẹ má jókòó wọ̀n ọ́n, ẹ sì wọ méjèèjì, torí ẹsẹ̀ kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ. Èyí tó tóbi ni kí ẹ rà á fún. Láàárín ìka tó gùn jù àti imú bàtà, ó yẹ kí fífẹ̀ àtàǹpàkò kan wà. Bí kò bá sí, ìka á máa kan iwájú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá, èékánná á dúdú, á sì já bọ́. Ẹ má tẹ̀lé nọ́ńbà nìkan. Nọ́ńbà 43 iléeṣẹ́ kan lè kéré sí 43 iléeṣẹ́ mìíràn.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ fa fóòmù pẹlẹbẹ tó wà nínú bàtà náà jáde, ẹ gbé e sórí ilẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lé e, kí ẹ wá wolẹ̀. Bí ìka kékeré bá yọ síta, tàbí tí ẹran ẹsẹ̀ bá dà lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàtà náà há, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Òun á sọ pé ó máa "là" tó bá yá. Bàtà aláwọ lè là, ṣùgbọ́n ẹ má fi kìlómítà márùn-ún la bàtà eré. Lẹ́yìn náà, ẹ dá fóòmù padà, ẹ so okùn, kí ẹ rìn, kí ẹ sá kúkúrú lọ sí ìdí ṣọ́ọ̀bù kẹta kí ẹ sì sá padà. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ máa yọ sókè. Bó bá ń yọ, ẹ lo ihò okùn tó kángun sí ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kì okùn bọ̀. Ẹ wá mú bàtà náà lọ́wọ́, ẹ tẹ imú rẹ̀ sókè. Ibi tí ìka ti ń ká ló yẹ kó ti ká. Èyí tó bá ká ní agbede méjì bí ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Bí gìgísẹ̀ bàtà ṣe ga ju iwájú rẹ̀ lọ náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bàtà eré, ó máa ń ga tó mílímítà 8 sí 12. Àwọn kan wà tí tiwọn jẹ́ 4, tàbí tó tẹ́jú pátápátá. Bàtà tó tẹ́jú máa ń gbé iṣẹ́ kúrò ní orúnkún lọ sí ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti iṣan gbọọrọ tó so mọ́ gìgísẹ̀. Kò burú, kò sì dára ju èkejì lọ. Ohun tó burú ni kí ẹ máa wọ ọ̀kan bọ̀ fún ọdún márùn-ún, kí ẹ wá fi èkejì sá kìlómítà mẹ́wàá ní ọjọ́ tí ẹ rà á.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ, bí ẹni pé gbogbo wa la ń ra tuntun. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Òkíríkà ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀. Kàtáńgúà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, Yábá, títí dé Missèbo ní Kútọnu, ibẹ̀ ni bàtà eré wà, àti èyí tó dára àti èyí tó ti kú. Mi ò ní bú òkíríkà. Òkíríkà tó dára sàn ju tuntun ayédèrú lọ, èyí tí fóòmù rẹ̀ le bí pákó, tí orúkọ ara rẹ̀ sì ṣì lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n ojú la fi ń rà á.

Ohun tó ń kú nínú bàtà eré ni fóòmù àárín, èyí tó wà láàárín aṣọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀. Rọ́bà lè dán gbinrin, kí aṣọ sì funfun báláú, kí fóòmù ti kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fọ̀ ọ́, tó fi ọ̀dà funfun pa á lára, fi máa ń rí wa mú. Ẹ gbé bàtà méjèèjì sórí pákó tó tẹ́jú, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín á fi bá gìgísẹ̀ wọn dọ́gba. Ṣé wọ́n dúró ṣánṣán, àbí ọ̀kan ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́? Èyí tó bá fì ti gba àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn yẹn lè wúwo, tàbí kó máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú, ẹ̀yin lẹ ó sì jogún rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà. Bí ilà tó wà lára rẹ̀ bá pọ̀ bí iwájú orí àgbàlagbà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gidi. Tó bá tẹ̀, tó sì ta padà, ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Tó bá le gbagidi, tàbí tó tẹ̀ tí kò sì padà, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ẹ yí ahọ́n bàtà síta. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá máa ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe bàtà sára àkọlé kékeré tó wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Kì í ṣe wíwọ̀ nìkan ló ń pa bàtà. Fóòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane tó jẹ́ pé ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ́ nínú páálí tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ tíì wọ̀ ọ́. Ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, á dára. Lọ́jọ́ kejì, á máa já bí ògì gbígbẹ. Gíláàsì ọkọ̀ tí oòrùn ń ràn sí náà máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí náà ẹ má fi bàtà yín sí ẹ̀yìn mọ́tò láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Tí ẹ bá ra òkíríkà tán, ẹ ju fóòmù pẹlẹbẹ inú rẹ̀ nù, ẹ ra tuntun fi sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ bàtà náà, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ nínú, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ má sá a sórí páànù.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní mi ò tíì sọ̀rọ̀ nípa bàtà alágbára, èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ dúdú kábọ́ọ̀nù nínú. Eliud Kipchoge ti Kẹ́ńyà wọ irú rẹ̀ ní Vienna ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, tó fi sá Marathon ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Ní 2020, àjọ eré sísá àgbáyé, World Athletics, ṣòfin pé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà eré ojú títì kò gbọdọ̀ nípọn ju mílímítà 40 lọ. Bàtà ìje ni. Ẹni tó ń sá kìlómítà mẹ́ta kí ikùn lè wálẹ̀ kò nílò rẹ̀, gíga rẹ̀ sì lè jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀ lójú ọ̀nà wa tó kún fún kòtò. Ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹyin àti ẹ̀wà.

Ó tó báyìí lórí bàtà. Ẹ rántí ìbéèrè kejì, ti orúnkún.

Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ ìpalára fún àwọn tó ń sáré ni pé ohun tí wọ́n sá ju ohun tí ara wọn ti mọ̀ lọ. Bàtà kò mọ iye tí ẹ sá. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè gbọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí á balẹ̀, inú yín á dùn, ẹ ó rò pé ẹ ti di Kipchoge. Ṣùgbọ́n eegun àti iṣan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó le, oṣù ni wọ́n fi ń kà, wọn kì í ka ọ̀sẹ̀. Àárín àkókò méjì yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ní 2025, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Aarhus ní Dẹ́ńmáàkì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń sáré tí iye wọn lé ní 5,000, tí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn fún oṣù 18. Tẹ́lẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé kí ènìyàn má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tó ń sá lọ́sẹ̀. Ohun tí àwọn wọ̀nyí rí yàtọ̀ díẹ̀. Eré ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣọṣẹ́. Bí eré ọjọ́ kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ gùn ju èyí tó gùn jù tí ẹ ti sá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, ewu ìpalára ń ròkè. Ẹ mọ ẹni tí mo ń bá wí. Ẹni tó ń sá kìlómítà márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, tí ẹgbẹ́ Sátidé wá fà á lọ sí kìlómítà méjìlá nítorí pé orin ń dùn tí kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Kìlómítà márùn-ún àtààbọ̀ ló yẹ kó sá lọ́jọ́ náà, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sá fún ìṣẹ́jú kan, kó rìn fún méjì, kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Bí ẹ ò bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, ẹ ti ń yára jù.

Bí ìrora bá ti dé ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìrora ojúgun sí méjì, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pa ènìyàn lára jù. Ẹ jókòó, ẹ fi ìka kan tẹ etí inú eegun ojúgun láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí ó bá ń dùn yín lórí ọ̀nà gígùn, bí ìbú ọwọ́ kan, tó sì máa ń rọlẹ̀ bí ara bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìnira tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ní. Ẹ dín eré kù, á lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí orí ìka bò, tí ẹ fò lórí ẹsẹ̀ náà tó ta yín dọ́kàn, tó sì ń dùn yín lóru lórí ibùsùn, eegun lè ti là tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ dá eré dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé e lọ fún ẹni tí yóò fi epo àti adì ra á, tí yóò máa fà á. Eegun tó là tẹ́ẹ́rẹ́ lè kán síni lọ́wọ́. Ẹ lọ rí dókítà eegun. Bí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò bá sì fi nǹkan hàn lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ má tìtorí rẹ̀ padà sójú títì, torí ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí irú ìlà bẹ́ẹ̀ tó hàn nínú àwòrán.

Ti orúnkún, èyí tó máa ń dùn ní àyíká ọmọ orí orúnkún bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, tàbí bí ẹ bá jókòó pẹ́ nínú dánfó. Ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín. Bó bá ń dún "gbì, gbì", ìṣísẹ̀ yín gùn jù, ẹ sì ń ju gìgísẹ̀ síwájú ara. Ẹ ka ìṣísẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá gé e kúrú kí iye rẹ̀ lè fi ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìwádìí Bryan Heiderscheit ní Wisconsin ní 2011 fi hàn pé ìyípadà kékeré yìí máa ń dín ẹrù orí orúnkún kù. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ ló ń dùn, tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ dà bí ẹni tẹ ìṣó, tó sì ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn dé ilé ìwẹ̀, ẹ gbé ike omi kékeré sínú fíríìsà kó dì. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lọ yí i bọ̀. Ẹ máa na ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìsì ilé fún ìgbà díẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó lọ, ẹ ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ kan nípa Àbóníkì àti Róòbù. Wọ́n máa ń gbóná, wọ́n sì máa ń tu ènìyàn lára, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n ra orúnkún, tó gbé oògùn ara ríro méjì mì kó tó jáde lọ sáré, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ jíṣẹ́ fún un. Ìrora yẹn ló fẹ́ sọ fún yín pé ó tó.

Ilẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú títì wa máa ń tẹ̀ síhà gọ́tà kí omi lè ṣàn. Ẹni tó bá ń sá ní ẹ̀gbẹ́ kan lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan ń wà lókè, èkejì nísàlẹ̀. Apá òsì ni ó yẹ kí ẹ wà kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn kò ṣe é yí padà, pàápàá ní ìdájí. Nítorí náà ẹ máa yan ọ̀nà mìíràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹ wọ pápá ilé ìwé tó tẹ́jú. Àti pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé, kí gìgísẹ̀ wà níta. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ di ògiri mú bí ẹ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ká padà sórí bàtà díẹ̀: mo fẹ́ kí ẹ ní bàtà méjì bí agbára bá ká a. Kì í ṣe fún fáàrí. Ní Lúsẹ́ḿbọ́ọ̀gì, Laurent Malisoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn 264 tó ń sáré lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ 22, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Ewu ìpalára àwọn tó ń pààrọ̀ bàtà fi ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó ń wọ ẹyọ kan ṣoṣo. Àlàyé tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀ ni pé bàtà kọ̀ọ̀kan ń ti ẹsẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, nítorí náà ibì kan náà kọ́ ló ń gba gbogbo ìyà. Òkíríkà kan tó dára pẹ̀lú tuntun kan á ṣe é.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ bàtà, ẹ fi báírò kọ déètì sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàtà eré máa ń gbé ènìyàn tó kìlómítà 500 sí 800. Ẹni tó bá ń sá 20 lọ́sẹ̀, bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án nìyẹn. Òkíríkà kò ní déètì tó ṣe é gbára lé, ti àtàǹpàkò nìkan lẹ ó máa lò fún un, ẹ máa tẹ fóòmù rẹ̀ wò lóṣooṣù. Èyí tó bá ti rẹ̀ kò tíì di ìdọ̀tí, ẹ ṣì lè máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà.

Ibi tí a ó dá a dúró sí nìyẹn lónìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò bí irú èyí, omi mímu àti oòrùn la ó gbé yẹ̀ wò, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ìròyìn ló kàn.